Ìrántí Ọdún 1966 àti Ogun Tí Ó Tẹ̀lé E: Bí A Ṣe Lè Rántí Láìdá Ọ̀tá Tuntun

KÚTÚBÀ KÌÍNÍ

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá ọmọnìyàn láti ara ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí ó sì pín wọn sí ìran àti ẹ̀yà kí wọ́n lè mọ ara wọn. À ń yìn Ín, à ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí lẹ́yìn Ọlọ́hun, a sì jẹ́rìí pé ẹrúsìn Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni Ànábì Muhammad. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a gba ara wa àti ẹ̀yin náà ní ìyànjú pé kí a páyà Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba, nínú ohun tí ọwọ́ wa ń ṣe àti nínú ohun tí ahọ́n wa ń sọ. Ìpáyà Ọlọ́hun tí kò bá dé orí ahọ́n kò tíì dé inú ọkàn.

Ọ̀sẹ̀ yìí ni orílẹ̀-èdè wa ń rántí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n kú sójú ìjà. Ọjọ́ 15, oṣù kìíní, ni ìjọba yàn fún un, wọ́n a fi òdòdó sí ojú oórì, wọ́n a sì tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀. Ọjọ́ yìí kan náà gbé ìrántí méjì dání. Ní ọjọ́ 15, oṣù kìíní, ọdún 1966, ni àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ọmọ ogun kan fi ẹ̀jẹ̀ gbàjọba. Ní ọjọ́ 15, oṣù kìíní, ọdún 1970, ni ogun abẹ́lé parí ní Èkó. Ọdún mẹ́rin ni ó wà láàárín ọjọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n iye ẹ̀mí tí ó bọ́ sínú ọdún mẹ́rin náà kò ní òǹkà tí gbogbo ènìyàn fọwọ́ sí. Àwọn kan sọ pé ìdajì mílíọ̀nù ni, àwọn mìíràn sọ pé mílíọ̀nù kan, àwọn mìíràn tún sọ pé mílíọ̀nù mẹ́ta. Ìyàtọ̀ tí ó wà nínú òǹkà yìí gan-an tó ohun tí ó yẹ kí ó pa wá lẹ́kún, nítorí òkú tí a kò lè kà ni òkú tí a kò sin bí ó ti yẹ.

Ẹ̀yin ará wa nínú Isilaamu, kì í ṣe ìjọba nìkan ni ó mú wa sọ ọ̀rọ̀ yìí lónìí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú mọ́ṣáláṣí yìí ni. Lẹ́yìn àsàláátù ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, àwọn bàbá wa méjì jókòó sí abẹ́ ìbòòji, ọ̀rọ̀ ìrántí yìí sì dé. Bàbá kìíní jagun náà fúnra rẹ̀ lápá ti ìjọba àpapọ̀, ó sì sọ pé ogun òdodo ni, pé bí a kò bá jà á, kì bá tí sí orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Nàìjíríà mọ́. Bàbá kejì ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Òkè Ọya ní ọdún 1966, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe pa àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ó fèsì pé ogun tí a fi ebi pa ọmọ ọwọ́ kò ní orúkọ tí ó ń jẹ́ òdodo. Ohùn ga. Ẹni kan pe ẹni kejì ní ọ̀dàlẹ̀, ẹni kejì pe ẹni kìíní ní apànìyàn. Láti ọjọ́ náà, àwọn bàbá tí wọ́n ti ń kírun papọ̀ láti ogójì ọdún kò kí ara wọn mọ́. Ní ìrun Alaasari, ọ̀kan wà ní ìpẹ̀kun sàfù lápá ọ̀tún, èkejì wà ní ìpẹ̀kun lápá òsì.

Kò tán síbẹ̀. Ọ̀dọ́ kan ti gba ìjà náà sínú fóònù rẹ̀. Ó fi èébú ẹ̀yà Ígbò kún un, ó sì fi í ránṣẹ́ káàkiri. Ó dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin Ígbò tí ó ń ta símẹ́ǹtì àti irin ní ìkọjá ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ ọ́n. Símẹ́ǹtì tí a fi kọ́ ibi tí ẹ ti ṣe àlùwàlá lónìí, àwìn ni a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, oṣù mẹ́jọ ni a sì fi san án tí kò fi bú wa. Ọkùnrin náà wá bá ọ̀kan nínú wa, ó rọra béèrè pé ṣé ó ti tó àkókò kí òun bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù òun. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí a sùn. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń béèrè ní ọdún 1966.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àgbà tí ó bá ṣubú a máa wo ẹ̀yìn, kí ó lè mọ ohun tí ó gbé òun ṣubú.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀

Ní òru ọjọ́ 15, oṣù kìíní, ọdún 1966, wọ́n pa Olórí Ìjọba, Alhaji Abubakar Tafawa Balewa. Wọ́n pa Sardauna Sokoto, Alhaji Ahmadu Bello, ní Kàdúná. Wọ́n pa Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá ní Ìbàdàn, àti Olóyè Festus Okotie-Eboh, mínísítà ètò ìnáwó. Wọ́n pa àwọn àgbà ọ̀gá ọmọ ogun pẹ̀lú, lára wọn ni Samuel Ademulegun, tí wọ́n pa pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ nínú ilé wọn ní Kàdúná. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe é jẹ́ Ígbò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kú sì jẹ́ ará Òkè Ọya àti Yorùbá. Láti ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń sọ pé ọ̀tẹ̀ Ígbò ni. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ní kí a fi ìyókù kún un. Yorùbá wà láàárín àwọn tí wọ́n gbìmọ̀ rẹ̀, Adéwálé Adémóyèga jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ Ígbò wà láàárín àwọn tí wọ́n pa, Arthur Unegbe ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀gágun tí ó sì dá ìfipágbàjọba náà dúró, Aguiyi-Ironsi, ọmọ Ígbò ni.

Ní ọjọ́ 29, oṣù keje, ọdún kan náà, àwọn ọmọ ogun Òkè Ọya gbẹ̀san. Wọ́n mú Ironsi ní Ìbàdàn, níbi tí ó ti jẹ́ àlejò gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, Adékúnlé Fájuyì, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì ní ẹ̀bá Lálúpọn. Ìtàn tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá wa ni pé Fájuyì kọ̀ láti yọ̀ǹda àlejò rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìpànìyàn tí ó burú jù lọ dé. Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, wọ́n pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ará Ìlà-Oòrùn ní àwọn ìlú Òkè Ọya. Àwọn tí wọ́n kú nínú wọn kò mọ̀dí ìfipágbàjọba. Télọ̀ ni wọ́n, akọ̀wé ni wọ́n, òṣìṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n, ìyá ọlọ́mọ ni wọ́n. Àwọn tí wọ́n sá padà sílé lé ní mílíọ̀nù kan.

Wọ́n gbìyànjú àtidá ogun dúró. Àwọn olórí ológun pàdé ní Aburi ní Gánà ní ọjọ́ 4 àti 5, oṣù kìíní, ọdún 1967, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà délé, olúkúlùkù sọ ohun tí ó gbọ́ lọ́tọ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá Ojukwu ní Enugu ní oṣù karùn-ún. Kò so èso. Ní ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, Gowon pín orílẹ̀-èdè sí ìpínlẹ̀ 12. Ní ọjọ́ 30, Ojukwu kéde Bìáfírà. Ní ọjọ́ 6, oṣù keje, ìbọn dún. Ọgbọ̀n oṣù ni ó fi dún.

OHÙN TÍ KÒ ṢỌ̀KAN

Ẹ̀yin ará wa, àwọn bàbá wa méjèèjì tí wọ́n jà níhìn-ín kì í ṣe àwọn àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ tí ogun náà ti bẹ̀rẹ̀ ni èrò kò ti ṣọ̀kan lórí rẹ̀, kódà láàárín àwa Yorùbá. Awólọ́wọ̀ wà nínú ìjọba Gowon, òun ni ó di ètò ìnáwó mú. Benjamin Adékúnlé ṣáájú ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1969. Ṣùgbọ́n Victor Bánjọ, ọmọ Yorùbá, ni ó kó ọmọ ogun Bìáfírà wá títí dé Òrè ní ọdún 1967, Bìáfírà fúnra rẹ̀ ni ó sì pa á lẹ́yìn náà. Wọlé Ṣóyínká ta ko ogun náà, ó lọ bá Ojukwu sọ̀rọ̀ kí ìjà lè dúró, ìjọba àpapọ̀ sì fi í sẹ́wọ̀n láti ọdún 1967 di ọdún 1969. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa tí wọ́n dìde ní ọdún 1968, tí a ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà, owó orí tí ó ga ní àkókò ogun ni wọ́n bínú sí. Láàárín àwọn Ígbò náà, Ukpabi Asika dúró ti ìjọba àpapọ̀, ó sì ṣàkóso ilẹ̀ Ígbò fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé gbogbo ẹ̀yà báyìí ló ṣe báyìí, ẹni náà kò mọ ìtàn.

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu ìhà kìíní. Wọ́n ní bí apá kan bá lè ya kúrò, apá kejì á ya, apá kẹta á ya, ìjà kò sì ní í tán láéláé. Wọ́n ní Gowon fún ọmọ ogun rẹ̀ ní òfin pé kí wọ́n má pa aráàlú, ó sì jẹ́ kí àwọn àjèjì wá wo ojú ogun. Wọ́n ní nígbà tí ó parí, ó kéde pé kò sí ẹni tí ó ṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun.

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu ìhà kejì. Wọ́n ní ẹni tí ìjọba rẹ̀ kò lè dáàbò bò ó lọ́wọ́ ikú, kí ni yóò dúró fún? Wọ́n ní ìdènà oúnjẹ pa ọmọdé ju bí ìbọn ti pa ọmọ ogun lọ. Wọ́n ní Asaba, níbi tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin àti ọmọdékùnrin ní oṣù kẹwàá, ọdún 1967, kò sí nínú òfin Gowon. Ní ọdún 2002 ni Gowon fúnra rẹ̀ tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ àwọn ará Asaba. Wọ́n ní lẹ́yìn ogun, ẹni tí ó ní owó ní báńkì gba ogún pọ́n-ùn péré, iye yòówù tí ó ti ní.

Lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà, ìhà kìíní ní ohun tí wọ́n ń sọ: pé àwọn ọmọ ogun ni wọ́n ń já oúnjẹ gbà, àti pé ìjọba àpapọ̀ fi ọ̀nà orí ilẹ̀ lọ Ojukwu, òun ni ó kọ̀. Ìhà kejì dáhùn pé ẹ̀rù ń ba àwọn pé wọn yóò fi májèlé sí i, wọn yóò sì gba ọ̀nà náà wọlé jagun. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. A kò gun orí mùnbárì yìí láti dá ẹjọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé kò tíì dá tán. Ohun kan péré ni a lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí: ọmọ tí ebi pa ní abúlé kò fọwọ́ sí Aburi, kò sì kéde ìpínlẹ̀ kankan.

Ohun kan sì tún wà tí ó kan àwa Mùsùlùmí ní tààràtà. Àwọn olùpolongo Bìáfírà sọ fún ayé pé ogun ẹ̀sìn ni, pé àwọn Mùsùlùmí fẹ́ pa àwọn Kìrìsìtẹ́nì run. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kìrìsìtẹ́nì ni Gowon tí ó ṣáájú ìjọba àpapọ̀, Kìrìsìtẹ́nì sì ni Ọbásanjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí èyí mú wa wẹ ara wa mọ́ pátápátá. Láàárín àwọn tí wọ́n yọ idà sí aládùúgbò wọn ní ọdún 1966, àwọn kan wà tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ tí àwa náà ń jẹ́, tí wọ́n sì ń kọjú sí gábàsì. Orúkọ wọn kò gbà wọ́n, ìdájọ́ wọn wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

A ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa àti fún gbogbo Mùsùlùmí. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, Òun ni Aláforíjìn, Oníkẹ̀ẹ́.

KÚTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ṣé àwa ni ìjọ àkọ́kọ́ tí àjálù bá, tí ogun sì tẹ̀lé e, tí èrò kò sì ṣọ̀kan lórí ogun náà? Rárá. Ní ọdún 35 lẹ́yìn Hijira, àwọn ọlọ̀tẹ̀ pa Uthman ọmọ Affan, ọkọ àwọn ọmọ Ànábì, nínú ilé rẹ̀ ní Mẹ̀dínà. Ìlú dàrú. Àwọn kan ní kí a kọ́kọ́ gbẹ̀san ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ali ọmọ Abu Talib ní kí a kọ́kọ́ fi ìjọba múlẹ̀. Ní ọdún 36, ìjà wáyé ní ẹ̀yìn Basra, ìyá wa Aisha wà ní ìhà kan, Ali wà ní ìhà kejì. Talha àti Zubair kú nínú ọ̀ràn náà, àwọn tí Ànábì ti fi àlùjánnà dá lójú. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọ́n tún jà ní Siffin.

Ẹ wo bí àwọn ẹni rere ṣe ṣe é. Sa'd ọmọ Abi Waqqas àti Abdullah ọmọ Umar kò bá ìhà kankan jà. Kò sí ẹni tí ó pè wọ́n ní ojo tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí wọ́n ti fi ìgboyà hàn lójú ogun Ànábì. Àwọn onítàn gbà wá létí pé nígbà tí ìjà Basra parí, Ali kírun sí òkú ìhà méjèèjì lára, ó sunkún lórí Talha, ó sì fi ọ̀wọ̀ àti ààbò dá ìyá wa Aisha padà sí Mẹ̀dínà. Wọ́n tún sọ ọ́ nípa Umar ọmọ Abdulaziz pé nígbà tí wọ́n bi í nípa àwọn ìjà náà, ó fèsì pé Ọlọ́hun ti gba ọwọ́ àwọn là kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn, kí àwọn náà gba ahọ́n àwọn là kúrò nínú rẹ̀. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a má kọ́ ìtàn. Ó túmọ̀ sí pé kí a má fi ẹnu jà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nínú èyí ni a ti rí ẹ̀kọ́ márùn-ún mú.

Èkíní: Kí a wádìí ọ̀rọ̀ kí a tó tàn án kálẹ̀. Súúrà Al-Hujurat, áàyà 6, kìlọ̀ fún wa pé bí ẹlẹ́ṣẹ̀ bá mú ìròyìn wá, kí a yẹ̀ ẹ́ wò, kí a má baà ṣe àwọn ènìyàn ní ibi láìmọ̀ kí a sì kábàámọ̀. Ní ọdún 1966, àhesọ ni ó ń gbé ìpànìyàn láti ìlú kan dé ìlú kejì. Fóònù yára ju ọkọ̀ ojú irin lọ. Ẹni tí ó bá fi èébú ránṣẹ́ pẹ̀lú ìka kan, kí ó rántí pé ìka náà yóò jẹ́rìí lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀.

Èkejì: Ẹlẹ́rù ni yóò gbé ẹrù rẹ̀. Súúrà Al-An'am, áàyà 164, kọ́ wa pé kò sí ẹ̀mí tí yóò ru ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀mí mìíràn. Àwọn ọ̀gá ọmọ ogun díẹ̀ ṣẹ̀ ní oṣù kìíní, wọ́n sì gba ìyà rẹ̀ lọ́wọ́ télọ̀ àti ìyá ọlọ́mọ ní oṣù kẹwàá. Ibẹ̀ ni àìṣòdodo ti wọlé. Oníṣòwò tí ó wà ní ìkọjá ọ̀nà kò tíì wáyé nígbà tí ogun parí. Kí ni a fẹ́ bi í?

Ẹ̀kẹta: Kí ìkórìíra má gba òdodo lọ́wọ́ wa. Súúrà Al-Maidah, áàyà 8, pa á láṣẹ bẹ́ẹ̀. Súúrà An-Nisai, áàyà 135, sì ní kí a dúró ti òdodo bí ó tilẹ̀ jẹ́ lórí ara wa, tàbí òbí wa, tàbí ìbátan wa. Ẹni tí ó bá lè sunkún fún Sardauna àti Balewa, tí kò lè sunkún fún Asaba, kò tíì ṣe òdodo. Ẹni tí ó bá lè sunkún fún Asaba, tí ó ń yọ̀ sí ikú Sardauna, òun náà kò tíì ṣe é.

Ẹ̀kẹrin: Kí a bọ̀wọ̀ fún òkú. Ẹnìkan bi wá lọ́sẹ̀ yìí pé èwo ni tiwa nínú òkú àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí. A dáhùn pé wọ́n gbé òkú Júù kan kọjá lọ́dọ̀ Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ó sì dìde dúró. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé Júù ni, ó bi wọ́n bóyá kì í ṣe ẹ̀mí ni. Ànábì kọ̀ kí á pa obìnrin àti ọmọdé lójú ogun. Abu Bakr sì kìlọ̀ fún ọ̀gágun rẹ̀ tí ó ń lọ sí Ṣáámù pé kí ó má pa arúgbó, kí ó má gé igi eléso. Bí a bá dá igi eléso sí, báwo ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ ọmọ tí ebi pa bí ẹni ń sọ̀rọ̀ eéṣú?

Ẹ̀karùn-ún: Kí a mú ohun tí a fi pamọ́ sí wa lọ́wọ́ padà fún olóhun. Súúrà An-Nisai, áàyà 58, ni ó pa á láṣẹ. Nínú ogun yìí, ohun kan wà tí àwọn bàbá wa ní Èkó ṣe tí ó yẹ kí a fi kọ́ ọmọ. Nígbà tí àwọn Ígbò sá lọ, ọ̀pọ̀ fi ilé sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ilé wọn, àwọn mìíràn tilẹ̀ gba owó ilé tí àwọn aládùúgbò ti ń bá wọn gbà pamọ́. Ní Port Harcourt, wọ́n pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ohun ìní tí a pa tì, ọ̀pọ̀ kò sì rí i gbà mọ́. Ẹ jẹ́ kí a yan èyí tí a fẹ́ jẹ́ nínú ìtàn méjèèjì.

OHUN TÍ A Ó ṢE

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, wáásí tí kò ní iṣẹ́ lẹ́yìn, ariwo ni. Ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí lọ kí àwọn bàbá wa méjèèjì ní ilé lọ́sẹ̀ yìí, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n ti fún wa láyè láti sọ ohun tí ó tẹ̀lé yìí. Bàbá tí ó jagun sọ fún wa pé ní alẹ́, òun ṣì máa ń rí ọmọ kan tí òun fún ní bisikíìtì lẹ́bàá ọ̀nà, tí kò lágbára àtijẹ ẹ́. Òun kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, àní fún ìyàwó òun. Bàbá tí ó ṣiṣẹ́ rélùwéè sọ fún wa pé àbúrò òun kan ṣoṣo wọṣẹ́ ológun ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1968, wọn kò sì gbé òkú rẹ̀ wálé. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ará. Ẹni tí a pè ní apànìyàn ń sunkún ọmọ Ígbò. Ẹni tí a pè ní ọ̀dàlẹ̀ ń sunkún ọmọ ogun Nàìjíríà. Ọgbẹ́ inú ẹnìkíní ni ẹnìkejì gbé dání, wọn kò sì mọ̀.

Ànábì wa kọ́ wa pé kò tọ́ kí Mùsùlùmí kọ ọmọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, àti pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kí èkejì ni ó dára jù. Ọjọ́ mẹ́ta ti kọjá. A bẹ ẹ̀yin bàbá wa lórí orúkọ Ọlọ́hun, kí ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara yín nínú sàfù lónìí, èjìká sí èjìká. A kò ní kí èrò yín ṣọ̀kan. Sàfù yín ni kí ó ṣọ̀kan.

Ọ̀dọ́ tí ó fi fídíò náà ránṣẹ́ ti pa á rẹ́, ó sì ti gbà láti bá wa lọ bẹ ọkùnrin náà. Lẹ́yìn ìrun yìí, a ó lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa lọ, kí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ńlá. A ó sọ fún un pé kí ó má kó ẹrù rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba fídíò náà, kí ó pa á rẹ́, kí ó sì sọ fún ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ sí i pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà nílé tí ó mọ ohun kan nípa ọdún wọ̀nyẹn, ẹ jókòó tì í, ẹ bi í léèrè, ẹ gbọ́ tirẹ̀ títí dé òpin, kódà bí kò bá bá èrò yín mu. Bí opó ọmọ ogun bá wà ní àdúgbò yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ wò kí oṣù yìí tó parí. Òdòdó tí ìjọba fi sórí oórì kò ṣeé sè fún oúnjẹ.

Súúrà Al-Baqarah, áàyà 134, rán wa létí pé àwọn tí wọ́n ti kọjá lọ ní iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn, àwa náà ní tiwa, wọn kì yóò sì bi wá nípa ohun tí wọ́n ṣe. Ohun tí wọn yóò bi wá ni ohun tí a fi ìrántí wọn ṣe.

Ìwọ Ọlọ́hun wa, forí jin àwa àti àwọn tí wọ́n ṣáájú wa nínú ìgbàgbọ́, má fi kèéta sínú ọkàn wa. Ìwọ Ọlọ́hun, wo ọgbẹ́ tí ó wà nínú ilẹ̀ yìí sàn, èyí tí a rí àti èyí tí a gbé pamọ́. Ìwọ Ọlọ́hun, dáàbò bo àlejò tí ó wà láàárín wa, dáàbò bo àwọn ọmọ wa tí wọ́n jẹ́ àlejò ní ìlú onílùú. Má ṣe jẹ́ kí a tún gbọ́ ìró ìbọn láàárín ará ilé kan. Ìwọ ni Olùgbọ́, Ìwọ ni Olùdáhùn. Àmín.

Ẹ dìde, kí á kírun. Ẹ tò, kí ẹ sì má fi àlàfo sílẹ̀.